Ọkùnrin Tó Ń Tú Páálí

Lọ́dún tí mo fi ẹ̀yìn lélẹ̀ nílé wa ní Kubwa, ọkùnrin òyìnbó kan ló ń bá mi gbé inú yàrá. Ẹ má rò ó sí ibòmíràn o, inú fóònù ló wà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó jókòó sídìí tábìlì funfun kan, kí páálí fóònù tuntun wà níwájú rẹ̀, kó fi ọ̀bẹ kékeré la ọ̀rá ara rẹ̀, kó wá ṣí i jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń ṣí ìkòkò tí ooru rẹ̀ lè jó o lọ́wọ́. Á mú fóònù jáde, á yí i síwájú, á yí i sẹ́yìn, á gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, á sọ bó ṣe wúwo sí. Lẹ́yìn náà ló máa kó ṣájà jáde, wáyà, àti ìwé pélébé tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Ó parí nìyẹn. Tí mo bá wò ó tán, màá tún wo òmíràn.

Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, mi ò ní parọ́. Ohùn rẹ̀ tutù. Kì í kánjú. Tó bá fẹ́ bó ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú fóònù, á dákẹ́ díẹ̀, ìwọ náà á dákẹ́, ọ̀rá náà á wá ṣí pẹ̀lú ariwo kékeré kan tó máa ń mú ara mi rọ̀ wọ̀ọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oorun gbé mi lọ kó tó bó o tán, mo sì lá ìyókù rẹ̀ lójú àlá. Nínú àlá náà, òjò ló wà nínú páálí, òjò Kubwa gan-an, tó ń rọ̀ sórí páànù, ọkùnrin náà sì ń fi ohùn tútù rẹ̀ sọ bí òjò ọ̀hún ṣe wúwo sí.

Bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Mo wà nínú oyún, ẹ̀kẹta sì ni. Méjì àkọ́kọ́ ti bàjẹ́ mọ́ mi lára, èkejì nígbà tí mo ti ń gbọ́ ọ bó ṣe ń yí nínú mi. Nígbà tí ẹ̀kẹta dé, dókítà yẹ̀ mí wò, ó ní ẹnu ilé ọmọ mi ni kò lágbára, pé ó ń ṣí kí àsìkò rẹ̀ tó tó. Wọ́n fi òwú rán an pa, wọ́n ní kí n lọ sílé lọ dùbúlẹ̀. Kì í ṣe pé kí n máa sinmi o, kí n dùbúlẹ̀ ni. Ilé ìwẹ̀ nìkan ni mo láṣẹ láti fẹsẹ̀ ara mi rìn dé. Ilé iṣẹ́ ìjọba ni mo ti ń ṣiṣẹ́, láàárín ìlú. A sọ fún wọn pé ara mi ò yá, a ò sọ ohun tó ń ṣe mí.

Ìyá mi wá láti ilé, láti apá Kàbbà lọ́hùn-ún, kó lè máa tọ́jú mi. Bàbá mi ti kú, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń dá a dúró nílé. Lọ́jọ́ tó dé, kò tíì tú gèlè rẹ̀ tó fi ṣòfin. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́: kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe àwọn ará ilé kejì, kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tó ń ṣèpàdé lọ́jọ́ Sunday, pàápàá jù lọ àwọn yẹn. Ó ní ẹnu ayé ló gbé méjì ìṣáájú lọ. Ó tún ní nǹkan ọmọ kan ò gbọdọ̀ wọ inú ilé yìí, ìbáà jẹ́ ìbọ̀sẹ̀, títí ọ̀rọ̀ yìí á fi yanjú. Ọkọ mi ní ó dáa, Màmá. Ọkọ mi kì í bá a jiyàn, ó mọ ọgbọ́n.

Èmi nìkan ni ìyá mi bí. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé ó pẹ́ lọ́wọ́ kó tó bí, pé nígbà tó sì bí, ọ̀kan ṣoṣo ló bí, ṣùgbọ́n ọ̀kan náà tó. Nítorí náà, màá dùbúlẹ̀ síbẹ̀, màá máa wò ó bó ṣe ń nu ojú fèrèsé, bó ṣe ń fi ọwọ́ gbọn aṣọ ibùsùn mi tí kò dọ̀tí, màá sì máa sọ nínú ọkàn mi pé, kí ni ẹ̀yin mọ̀ nípa irú èyí? Inú máa ń bí mi sí i. Ẹni tí kò sun irú ẹkún mi rí ló wá ń pàṣẹ bí mo ṣe máa sun ún.

Bí òwò fídíò ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan tí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń sáré. Tí wọ́n bá jáde oúnjẹ ọ̀sán, òun ò ní jáde, á máa kó fídíò sínú fóònù rẹ̀ fún mi. Tó bá dé ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú eruku òpópónà Kubwa lára ṣáátì rẹ̀, kó tó bọ́ bàtà, á ti na fóònù sí mi, á ní, “Ọjà tòní rèé.” Ijó wà níbẹ̀, àwọn ọmọ tó ń kọrin nínú yàrá wọn wà níbẹ̀, àwọn tó ń fi àwàdà ṣe bí ìyá wọn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn atúpáálí ni mo kọ́kọ́ ń wá. Ọkọ mi bi mí bóyá mo fẹ́ ra fóònù tuntun. Mo ní rárá o, tèmi ò ṣe nǹkan kan.

Ó yé mi nígbà tó yá. Ẹni tí wọn ò jẹ́ kó ra ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, ọwọ́ rẹ̀ á máa yún un láti ṣí nǹkan. Ó wù mí kí n ra aṣọ kékeré tí mo rí nígbà kan ní ọjà Wuse, èyí tó ní bọ́tìnnì funfun lọ́rùn, kí n tú u nínú ọ̀rá rẹ̀, kí n gbóòórùn rẹ̀. Mi ò lè ṣe é. Nítorí náà, mo jẹ́ kí òyìnbó bá mi ṣí ohun tó wà lọ́wọ́ tirẹ̀.

Ìyá mi ò fẹ́ràn rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ó bi mí bóyá ọkùnrin náà ò níṣẹ́ ni. Mo ní iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó kọjá lọ, ó padà wá, ó dúró létí ìlẹ̀kùn, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi bí ẹni tó kàn fẹ́ simi ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni a ti jọ ń wò ó lọ́sàn-ọ̀sán, lẹ́yìn tí mo bá ti jẹun tán, tí fáànù bá ń yí díẹ̀díẹ̀ lókè orí wa, tí ọkùnrin Hausa tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi bá ń kọjá lójú fèrèsé, tó ń kí ìyá mi ní sànnu, tí ìyá mi náà ń dáhùn ní sànnu láìyíjú kúrò lára fóònù.

Ó fẹ́ mọ ẹni tó ń fún un ní gbogbo páálí wọ̀nyẹn. Mo ní àwọn tó ń ṣe fóònù ló ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí i. Háà, ó ní, ó wá ń tú ẹ̀bùn lójú ẹni tó fún un! Nílé wa, tí wọ́n bá fún ọ ní nǹkan, o máa dúpẹ́, o máa gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó di ìgbà tí àlejò bá lọ kó o tó wo inú rẹ̀. Ọkùnrin yìí ń tú tirẹ̀ lójú gbogbo ayé, kò sì dúpẹ́. Ìyá mi wò ó títí, kò gbọ́ kó sọ pé ẹ ṣeun lẹ́ẹ̀kan. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a dúpẹ́. Tí páálí bá ti ṣí báyìí, á tẹ orí ba díẹ̀, á ní, “Ẹ ṣeun o, ẹ kú ìnáwó.” Lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà sọ pé kámẹ́rà fóònù kan ò dáa tó, ìyá mi bínú. Ó ní wọ́n fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ó tún ń ráhùn.

Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé bíba fóònù jẹ́ niṣẹ́ tirẹ̀. Á fi abẹ ya ojú rẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ kó lè mọ̀ bóyá á ṣẹ́, á jù ú sínú omi. Ìyá mi wo ìyẹn lẹ́ẹ̀kan péré. Ó dìde, ó ní ẹni yìí ò ní ìyá nílé, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rù fi bà mí pé kí ẹ̀rín má lọ tú òwú náà.

Ẹ̀rù yẹn kì í jìnnà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe ń wo ọkùnrin yẹn, bí mo ṣe ń sùn, bí mo ṣe ń jí, ọwọ́ mi kan máa ń wà lórí ikùn, mò ń ṣọ́ ọ. Tó bá ti pẹ́ díẹ̀ tí kò yí, mi ò ní mí dáadáa. Mo mọ bí ìdákẹ́jẹ́ yẹn ṣe rí. Mo ti gbọ́ ọ rí.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, nǹkan kan gbòde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn èèyàn á kóra jọ, wọ́n á dúró gbagidi bí ère, ẹnikẹ́ni ò ní mira, ẹnì kan á wá gbé kámẹ́rà kọjá láàárín wọn. Ọkọ mi kó púpọ̀ wálé. Mo rí àwọn ọmọ ilé ìwé tí ọwọ́ wọn dúró sókè bíi pé wọ́n fẹ́ dáhùn ìbéèrè. Mo rí ìyàwó kan àti ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú kéèkì lẹ́bàá ẹnu. Mo rí òṣìṣẹ́ kan tó gbé ife sẹ́nu, tí kò mu. Kámẹ́rà ń fẹ́ yẹ́ẹ́ kọjá lára wọn bí atẹ́gùn. Ìyá mi bi mí léèrè ohun tó ṣe wọ́n. Mo ní eré ni wọ́n ń ṣe. Ó ní irú eré wo ni èyí tí ẹnikẹ́ni kì í mira?

Èmi sunkún nídìí rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé màá sunkún. Èmi tí wọ́n ti ní kí n má mira, mo wá rí odindi èèyàn níbi gbogbo láyé tó ń dúró lọ́fẹ̀ẹ́, tí ara wọn dá ṣáṣá, tó jẹ́ pé tí kámẹ́rà bá ti kọjá tán, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á tú ká. Mo jowú wọn. Síbẹ̀, ó tún dà bí ẹni pé wọ́n bá mi dúró díẹ̀.

Lọ́jọ́ Saturday kan, ọkọ mi ní àwa náà máa ṣe tiwa. Ìyá mi kọ́kọ́ kọ̀, lẹ́yìn náà ló ní ibo ni kí òun dúró sí. A fi í sí kíṣíìnì, pẹ̀lú ṣíbí gígùn lókè ìkòkò. Èmi ò nílò ìmúrasílẹ̀ kankan. Ọkọ mi gbé fóònù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó kọjá lára àga, lára bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó dé ọ̀dọ̀ ìyá mi tó lanu sílẹ̀ tó fi ojú wo inú ọbẹ̀ bí ẹni tó rí ejò, ó wá rọra wọ yàrá wá sọ́dọ̀ mi. Mo pa ojú mi dé. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ bí ọyẹ́ ṣe ń gbọn páànù lókè, gbogbo ilé dákẹ́, ó dùn mọ́ mi bí oorun àárọ̀.

Nígbà tí a jókòó wò ó, ìyá mi rẹ́rìn-ín ara rẹ̀ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kámẹ́rà dé yàrá. Èmi rèé, mo dùbúlẹ̀, mi ò mira. Ìyókù yàrá náà ò mira. Láàárín gbogbo rẹ̀, aṣọ tó wà lórí ikùn mi dìde ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó lọ sílẹ̀, ó tún dìde. Òun nìkan ló mira nínú ilé. Ọkọ mi dá a padà sẹ́yìn, a tún wò ó. Ìyá mi súnmọ́ ọn, ó wò ó pẹ́.

Ó ní, “Ọmọ yìí ò gbọ́ràn.”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè é ní ọmọ. Ṣáájú ìgbà náà, “ọ̀rọ̀ yìí” ló ń pè é, tàbí “ohun tó wà nílẹ̀ yìí.” Mi ò sọ nǹkan kan, kó má lọ gba ọ̀rọ̀ náà padà.

Ọdún ń parí lọ. Ọkùnrin tó ń tú páálí gbé fídíò kan jáde tí kò tú páálí nínú rẹ̀. Ó jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn fóònù tí wọ́n ń retí lọ́dún tó ń bọ̀, ó wá wojú wa, ó ní kí oníkálukú kọ ohun tó ń retí jù lọ sísàlẹ̀. Dátà díẹ̀ wà lórí fóònù mi lọ́jọ́ náà. Mo wọ ibẹ̀, mo ka ohun tí àwọn èèyàn ń kọ. Orúkọ fóònù ni gbogbo rẹ̀, fóònù, fóònù, kámẹ́rà, fóònù. Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ kí n tó ronú. Mo kọ ọ́ lédè òyìnbó pé ọmọ mi ni èmi ń retí. Mo ní méjì ti lọ, mo ní mo dùbúlẹ̀ ní Abuja, wọn ò jẹ́ kí n sọ fún ẹnikẹ́ni, fídíò rẹ̀ ni mo fi ń lo ọ̀sán. Mo fi ránṣẹ́.

Ara mi fúyẹ́. Mo rò pé ó ti bọ́ sínú òkun nìyẹn. Ta ni máa mọ̀ mí níbẹ̀? Àwọn tí mi ò mọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn, láti ìlú tí mi ò lè pe orúkọ wọn dáadáa. Ẹnì kan ní òun ń gbàdúrà fún mi. Ẹnì kan kàn ya ọkàn pupa síbẹ̀. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ò dáhùn, kò sì dùn mí.

Ohun tí mi ò rò ni pé orúkọ mi ni mo fi wọlé, odindi, orúkọ bàbá mi pẹ̀lú, àti fọ́tò mi nínú aṣọ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa ń ta fóònù láàárín ìlú. Kò sí fídíò ọkùnrin yẹn tí kì í wò, torí ibẹ̀ ló ti ń mọ ọjà tó ń bọ̀. Òun náà lọ síbẹ̀ láti lọ kọ tirẹ̀, ó bá bá ojú mi pàdé.

Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìpàdé, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa wá sílé. Wọ́n kún pálọ̀, wọ́n ní ìyá mi ni àwọn wá kí, pé àwọn gbọ́ pé ó dé láti ilé. Wọ́n kí i ní “Òkun o” bí wọ́n ṣe ń kíra wọn lọ́dọ̀ wa. Ìyá mi dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti le. Ó ní ibà ló ń ṣe mí. Wọ́n ní áà, ibà àsìkò yìí burú. Wọ́n wọ yàrá wá, wọ́n jókòó yí mi ká, èmi ti fa bùláńkẹ́ẹ̀tì dé àyà nínú ooru. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ọyẹ́. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa iná tí kò dúró, nípa ọ̀nà Lokoja. Kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ bọ́ sí ikùn mi lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ń wo fáànù, wọ́n ń wo ògiri, bí ẹni pé ìyókù mi ò sí níbẹ̀.

Obìnrin tó ń ta fóònù ni kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó fi ọwọ́ lé ẹsẹ̀ mi lórí bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká yéé díbọ́n. Àbúrò, mo rí ohun tó o kọ. Èmi náà, mẹ́rin ló lọ. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.”

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn wá tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó ní tòun, ìbejì ni. Ẹni tó jókòó tì í wò ó bí ẹni tí kò rí i rí, wọ́n sì ti jọ ń lọ sípàdé láti ọdún gbọọrọ. Òun náà sọ tirẹ̀. Ó lọ bẹ́ẹ̀ yípo ibùsùn mi, ohùn pẹ̀lẹ́, láìsí ẹkún púpọ̀. Mo dùbúlẹ̀ sáàárín wọn, mo ń gbọ́ wọn, mo sì ń ronú pé gbogbo ìgbà tí mo fi jókòó lẹ́yìn wọn nípàdé, tí mò ń rò pé ara tèmi nìkan ni kò ṣe bí ara obìnrin, àwọn rèé.

Ìyá mi ti dìde. Láti orí ẹni àkọ́kọ́ ló ti dìde, ó lọ sí kíṣíìnì, kò sì padà wọlé títí wọ́n fi gbàdúrà tán tí wọ́n lọ. Mo ń gbọ́ omi ẹ̀rọ níbẹ̀, ó ń dà, ó ń dà. Nígbà tó gbé oúnjẹ mi wá, kò wojú mi. Kò bá mi wí, ìyẹn gan-an ló sì kó mi láyà sókè. Mo rò pé ó ti kà á sí mi lọ́rùn pé mo ṣílẹ̀kùn fún ẹnu ayé.

Kò pẹ́ sí i, ẹ̀jẹ̀ yọ. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ àwọ̀ rẹ̀. Ọkọ mi gbé mi sínú mọ́tò, ìyá mi jókòó sẹ́yìn, orí mi wà lórí itan rẹ̀. Ọyẹ́ bo gbogbo òpópónà, òkè tó wà lápá Bwari ò hàn mọ́, ó dà bí ẹni pé wọ́n ti kó o kúrò. Mo ń bẹ ọmọ náà nínú ọkàn mi. Mo ní jọ̀ọ́, mi ò ní kọ nǹkan kan mọ́, mi ò ní wo nǹkan kan mọ́, ṣá dúró. Ìyá mi fi ọwọ́ rẹ̀ bo ojú mi kí iná ọ̀nà má bàa yọ mí lẹ́nu.

Ọmọ náà dúró. Wọ́n dá mi dúró sílé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ náà gbẹ, wọn ò jẹ́ kí n padà sílé mọ́. Ọdún yí lórí wa níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù àkọ́kọ́ ọdún, láàárọ̀, wọ́n tú òwú náà, mo sì bí ọmọbìnrin. Ó kéré. Ó pariwo bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun tí wọn ò tọrọ gáfárà. Ọkọ mi sáré lọ sí ọjà lọ ra gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ra ìbọ̀sẹ̀ tó tóbi jù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí a padà sílé, ọmọ sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìyá mi wá jókòó sí ibi tó máa ń jókòó sí.

“Ohun tó o kọ síbẹ̀ yẹn, ṣé ó ṣì wà?”

Mo ní ó wà, Màmá.

“Ṣé àyè ṣì kù níbẹ̀?”

Mo ní àyè ò lè tán níbẹ̀.

Ó ní, “Kọ tèmi náà sí i. Mẹ́ta ni. Kí n tó bí ọ.”

Mo wò ó. Ó ní lọ́jọ́ tí àwọn obìnrin yẹn wá, òun gbọ́ gbogbo wọn láti kíṣíìnì, ó wu òun kí òun wọlé wá sọ tòun, ẹnu òun ti là. Ṣùgbọ́n òun ò lè sọ̀rọ̀ òkú ọmọ létí aboyún, aboyún náà sì ni ọmọ òun. Òun bá ṣí omi ẹ̀rọ kí òun má bàa gbọ́ ara òun. Ó ní bàbá mi àti àwọn àgbà ilé díẹ̀ nìkan ló mọ̀, gbogbo wọn sì ti lọ.

Mo mú fóònù, mo wá fídíò náà, mo rí ọ̀rọ̀ mi níbẹ̀. Ó ń sọ, mo ń tẹ̀ ẹ́. Méjì àkọ́kọ́ ò pẹ́. Ẹ̀kẹta pé oṣù rẹ̀. Ọkùnrin ni. Ó sunkún, ó mu ọmú, ó gbé ojú sókè wo ìyá mi. Kò dé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, nítorí náà ẹnikẹ́ni ò pè é ní nǹkan kan, wọ́n sì ní kí ìyá mi má pè é. Ṣùgbọ́n ó ti ní orúkọ kan lẹ́nu fún un láti ìgbà tó ti wà nínú.

Mo bi í léèrè orúkọ náà. Ó sọ ọ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn. Mo tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ tèmi, láàárín gbogbo orúkọ fóònù wọ̀nyẹn. Ìyá mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó gbé e súnmọ́ ojú, torí gíláàsì rẹ̀ wà ní pálọ̀. Ó ní òun ò tíì rí i ní kíkọ rí. Nígbà tí iná ojú fóònù fẹ́ kú, ó ní kí n má jẹ́ kó kú, kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ díẹ̀ sí i.